Òkúta Tí Wọ́n Kó Sẹ́nu Òkun Èkó

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tó sì dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yóò rántí Bar Beach. Ní ọjọ́ kejì Iléyá tàbí ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn ọmọ á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti Ìdúmọ̀tà àti Òkè-Àrìn, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Victoria Island. Ẹṣin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fowó gùn. Àwọn aláṣọ funfun ń lu agogo, wọ́n ń tan àbẹ́là, wọ́n ń gbàdúrà létí omi. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti de àwọn adigunjalè mọ́ òpó ní 1971, tí wọ́n sì yìnbọn fún wọn lójú èrò rẹpẹtẹ. Eré, àdúrà, ikú, orí iyanrìn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé. Iyanrìn yẹn kò sí mọ́. Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà Ahmadu Bello lónìí, ilé gogoro Eko Atlantic ni yóò máa wò níbi tí ìgbì ti ń bú tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà kan ní Olókun ló bínú. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ti bá ìgbì òkun pàdé lójúkojú mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń fojú di. Ṣùgbọ́n ìbínú yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ náà sì ní ọdún. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn kó òkúta sẹ́nu ọ̀nà tí omi òkun gbà ń wọ Èkó. Òkúta yìí ló ṣílẹ̀kùn Èkó fún ọkọ̀ ńlá. Òun náà ló jẹ Bar Beach.

Kó tó di ìgbà náà, ẹnu òkun Èkó burú. Iyanrìn ti gbára jọ sábẹ́ omi níbẹ̀ bí ẹni to àpò dí ẹnu ọ̀nà. Omi orí rẹ̀ kì í sábà jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, òkìtì náà kì í sì í gbé ojú kan: ibi tí atukọ̀ gbà kọjá lóṣù tó kọjá lè ti dí lóṣù yìí. Òkìtì iyanrìn yìí ni òyìnbó ń pè ní bar, ibẹ̀ sì ni Bar Beach ti gba orúkọ. Ọkọ̀ tó bá ti Liverpool dé, ojú agbami ni yóò dúró sí. Ọkọ̀ kékeré ni yóò lọ pàdé rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn sọ èrò kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ìgbì ṣe ń gbé e sókè tó tún ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní ti ẹrù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí Forcados, ní apá Wàrì, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ tó fúyẹ́, wọ́n á tún kó o padà sí Èkó. Ẹ wo oníṣòwò kan ní Marina tó mọ̀ pé aṣọ òun ti dé ojú òkun Èkó, àmọ́ tí aṣọ náà ní láti rìnrìn àjò dé Forcados kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ní 1892, wọ́n ní kí Sir John Coode, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ebúté nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ẹnu òkun náà. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n mọ ògiri òkúta méjì wọnú òkun, ọ̀kan lápá ìlà-oòrùn, ọ̀kan lápá ìwọ̀-oòrùn, kí omi ọ̀sà tó ń jáde lè gba àárín wọn pẹ̀lú agbára, kó máa gbá iyanrìn lọ fúnra rẹ̀. Owó iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ìjọba Èkó ìgbà yẹn lọ, nítorí náà ìmọ̀ràn Coode wà nínú ìwé fún ọdún púpọ̀. Reluwé ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Èkó láti òkè, kò sì sí ọ̀nà gidi tí yóò gbà jáde. Ní 1906, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, owó epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ tó ń wọlé ní ìhà ibẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ gómìnà kan ṣoṣo, Walter Egerton. Ní 1907, ọkọ̀ tó ń gbẹ́ iyanrìn dé. Orúkọ gómìnà ni wọ́n fún un. Lẹ́yìn náà ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ olókùúta ni Abẹ́òkúta, Èkó kò ní nǹkan kan ju iyanrìn àti ẹrẹ̀ lọ. Reluwé ló gbé òkúta Ẹ̀gbá wá sí Èkó.

Iṣẹ́ náà ṣe ohun tí wọ́n rán an. Kí 1914 tó parí, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé wá sínú ọ̀sà. Inú àwọn ará Marina dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ògiri yìí ṣe sí iyanrìn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá dúró létí òkun wa, ẹ ju ọ̀pá igi kan sójú omi, kí ẹ sì máa wò ó. Ìgbì kì í gbá etíkun lójú tààrà. Apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, ó ń dagun sí i. Bó bá ṣe gun iyanrìn lọ, á ti ọ̀pá náà sókè síhà ìlà-oòrùn; bí omi bá ń padà, á wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ gbọọrọ sínú òkun. Ìgbì mìíràn á dé, á tún tì í síwájú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá náà á máa rìn, bẹ́ẹ̀ sì ni iyanrìn fúnra rẹ̀ ń rìn tọ̀sán-tòru, láti ìhà Badagry, kọjá ẹnu òkun Èkó, lọ sí ìhà Lẹ́kí. Etíkun tí a rí lánàá kọ́ la rí lónìí: iyanrìn àná ti kọjá, ti ibòmíràn ti rọ́pò rẹ̀. Ọjà ni etíkun. Bí ẹni tó ń kó ẹrù wá kò bá dé mọ́, àtẹ á tán.

Òkìtì tó ń da ọkọ̀ láàmú ní ẹnu òkun, afárá iyanrìn ló jẹ́. Orí rẹ̀ ni iyanrìn ìwọ̀-oòrùn gbà ń sọdá. Nígbà tí wọ́n mọ ògiri, tí wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ jìn, wọ́n ti gé afárá náà. Iyanrìn tó ń bọ̀ láti Badagry dúró sẹ́yìn West Mole, ògiri apá ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń pọ̀ sí i títí di òní. Ẹ lọ wo Lighthouse Beach, ẹ ó rí bó ṣe fẹ̀. Lódìkejì, ìgbì ò yí ìwà padà. Ó ń kó iyanrìn lọ síhà Lẹ́kí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Láàárín 1900 sí 1959, etíkun Victoria Island tó wà lẹ́bàá East Mole, ògiri apá ìlà-oòrùn, sún sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Ní àwọn ọdún mìíràn, omi ń jẹ mítà 25 sí 30 lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní ilé tó jìnnà sómi ní ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan, ọdún mẹ́rin péré ló fi jìnnà sí i.

Kì í ṣe etíkun nìkan ni òkúta yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá ti lè wọlé, ìjọba fẹ́ ibi tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí, wọ́n sì fojú sí Àpápá. Ní 1913, wọ́n gba ilẹ̀ ńlá kan níbẹ̀. Olóyè Amodu Tijani Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó, ní ilẹ̀ ìdílé òun ni, kí wọ́n sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹjọ́ náà dé London. Herbert Macaulay bá olóyè lọ ní 1920, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékò, Ọba Èkó, dání. Ìjọba bínú sí ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà, wọ́n ní kí Elékò sọ fáyé pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́ kankan. Kò sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Ní 1921, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní London dá Olúwa láre, owó gbà-má-bínú náà sì tó pọ́n-ùn 22,500. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lé Elékò kúrò ní ààfin rẹ̀, Ìgà Ìdúngánràn, lọ sí Ọ̀yọ́. 1931 ló tó padà wá. Mo ka ìjà yẹn mọ́ ìtàn òkúta ẹnu òkun. Bí kò bá sí ilẹ̀kùn tó ṣí, kò sẹ́ni tí yóò máa wá ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí etíkun. Nígbà tí omi fẹ́ gba ìdí East Mole kọjá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn padà. Láti 1960 sí 1968, ẹ̀rọ kan wà lórí East Mole tó ń fa iyanrìn sí etíkun. Nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn dúró, ó di pé kí wọ́n máa dà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 3 ní 1974 sí 1975, mílíọ̀nù 2 ní 1981, mílíọ̀nù 3 ní 1985, mílíọ̀nù 5 ní 1990. Bí típà kan bá gba kúbíìkì mítà 20, iyanrìn mílíọ̀nù 3 á kún típà 150,000. Òkun jẹ gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́: ìdáwọ́dúró tó wà láàárín ìdà kan sí èkejì ni òkun fi ń rí àyè jẹun. Etíkun tí à ń bọ́ lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ló ń jẹun.

Ní ọdún 1990 yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìrù tún burú sí i. Ilẹ̀ wọn ni Victoria Island tẹ́lẹ̀. Ìjọba amúnisìn gbà á ní 1948, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó lọ sí Maroko. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki ní Èkó fi katapílà wó Maroko, níbi tí nǹkan bí 300,000 èèyàn ń gbé. Lára ohun tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé òkun lè bò ó. Victoria Island náà rẹlẹ̀. Mílíọ̀nù 5 kúbíìkì mítà iyanrìn ni wọ́n fi dáàbò bo ìyẹn.

Ní 2005 àti 2006, omi tún ya wọ ọ̀nà Ahmadu Bello. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pinnu pé àwọn kò ní da iyanrìn nìkan mọ́: wọn yóò mọ ògiri tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 8.5, wọn yóò sì fi iyanrìn kún inú rẹ̀ títí yóò fi di ìlú. Eko Atlantic nìyẹn. Bill Clinton wà níbi ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù Kejì 2013. Ògiri náà ń gba Victoria Island lọ́wọ́ ìgbì, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbì tó bá bá ògiri pàdé níbì kan, ó ń lọ wá ibi rírọ̀ níwájú. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìgbì ya lu etíkun Kúrámọ̀ lóru, ó gbé àwọn èèyàn lọ nínú ilé pákó wọn. Ní Òkun Alfa, tó wà síwájú sí i ní ìhà Lẹ́kí, omi ti gba ilé àti ọ̀nà.

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Wọ́n kọ́ ebúté Kútọnu, etíkun ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Wọ́n kọ́ ti Lomé, omi dojú kọ Aného. Ní Gánà, Akosombo tí wọ́n parí ní 1965 dá iyanrìn odò Volta dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì pa kún ìyà Keta tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe etí òkun nìkan ni omi ti ń padà wá gba àyè rẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀, ọ̀sà kékeré kan wà ní Ìdúmàgbò nígbà kan. Wọ́n dí i, ilé sì gba ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní oṣù Kẹfà, ẹ ó rí àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń gbé báálì aṣọ sórí àga, tí omi dé wọn ní agbede ojúgun, tí ọ̀rá àti ìgò omi ń léfòó yí ẹsẹ̀ tábìlì wọn ká. Ẹ̀rọ tí ìjọba gbé síbẹ̀ láti máa fa omi jáde, orí ibi tí ọ̀sà wà ló dúró sí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí gbogbo ohun tí mo wí, kó wọ ọkọ̀ ojú omi ní CMS lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó ní Tarkwa Bay lòun ń lọ. Ọkọ̀ á gba ojú Marina kọjá, á fi Àpápá sọ́wọ́ ọ̀tún, á sì kọrí sí ẹnu òkun. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni Tarkwa Bay, etíkun tí kò sí rárá kí wọ́n tó kó òkúta dé. Ẹ̀yìn ògiri ló ti dàgbà. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Lọ́wọ́ òsì ni East Mole, òkúta dúdú tí iṣan omi ti bò, lẹ́yìn rẹ̀ ògiri tuntun, lẹ́yìn ògiri ilé gogoro. Láàárín àwọn méjèèjì, ọkọ̀ tó gbé kọ̀ǹténà ń rọra wọlé bọ̀.