Igo Omi Ni Ìbọn Mi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn kan ti ń bi mí ní ohun tí mò ń ṣe lẹ́yìn lábù nígbà bíréèkì, tí mo ń kọjú sí ògiri, tí mo na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ pẹ̀lú igo omi lọ́wọ́, tí mo ti ọwọ́ òsì bọ àpò. Àwọn kan ní tíṣà ló fìyà jẹ mí. Ọmọ JSS1 kan tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó bá mi bẹ tíṣà náà. Ẹlòmíràn ní ó dà bíi pé nǹkan ti ń ṣe mí. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ìbọn yíyìn ni mò ń kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ sọ́dọ̀ pírínsípà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ní ọdún 2024, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris, àbúrò bàbá mi fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù wọn. Ọkùnrin ará Tọ́kì kan ni, Yusuf Dikeç, ẹni ọdún 51. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù wọ oríṣiríṣi gíláàsì tó dà bíi ti àwọn ará inú fíìmù. Òun wọ gíláàsì ojú tó máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi nǹkan kékeré dí etí, ó ti ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò, ó gbé ìbọn ìléwọ́ sókè bí ẹni tó ń tọ́ka sí ilé aládùúgbò. Òun àti obìnrin kan, Şevval İlayda Tarhan, ni wọ́n jọ gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún orílẹ̀-èdè wọn. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín pé bàbá yìí kò ka ẹnikẹ́ni sí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà nínú àpò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló fà á?

Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé kì í ṣe fáàrí. Ọwọ́ tó bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara máa ń fa èjìká, èjìká á fa ìbàdí, ìbọn á sì mì. Kí ọwọ́ náà má baà ṣe wàhálà ni wọ́n ṣe ń wá ibì kan fi í sí. Àwọn kan ń kì í bọ àpò, àwọn kan ń fi àtàǹpàkò kọ́ bẹ́líìtì.

Ìbọn tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta rẹ̀ jáde, ọta náà kò sì ju mìlímítà 4.5 lọ. Mítà 10 ni wọ́n máa ń dúró sí. Ọwọ́ kan péré ni wọ́n fi ń gbé e, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 1,500 lọ. Àmì tí wọ́n ń yìnbọn sí ní àárín dúdú tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 59.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdí agolo mílíkì kékeré. Ojú ibi tí wọ́n ti ń gba máàkì 10, mìlímítà 11.5 péré ni. Ẹ wo èékánná ìka yín tó kéré jù. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ọta bà láti mítà 10, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí dé ìgbà 60, láàárín ìṣẹ́jú 75.

Mo sọ fún ara mi pé mo lè ṣe èyí. Ìyá mi ní, "Ìbọn kẹ̀? Nínú ilé yìí?" Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Òfin náà kò gbà fún mi. Òfin Nàìjíríà lórí ìbọn, èyí tó ti wà láti ọdún 1959, ka ìbọn ìléwọ́ gidi mọ́ àwọn ohun tó jẹ́ èèwọ̀. Kódà èyí tó ń lo afẹ́fẹ́, ó ní ìwé àṣẹ tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, òfin sì ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Ká tilẹ̀ ní mo ti pé ọdún 17, níbo ni màá ti rí owó rẹ̀ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀ yìí? Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú pé òun á ní kí alágbẹ̀dẹ kan rọ ọ̀kan fún òun, kó yáa jáwọ́. Ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ.

Kànnàkànnà, rọ́bà tí a fi ń ta òkúta, ló wà nílẹ̀ fún mi. Àwa ọmọ àdúgbò wa máa ń ṣe ìdíje rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé nígbà họ́lídè: agolo mílíkì 10 lórí igi, ẹsẹ̀ 10 sí i, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ta ìgbà 10. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, agolo 2 ni mo gbá wó. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, afẹ́fẹ́ ló wó o, ṣùgbọ́n wọ́n kà á fún mi.

Mo lọ bá bàbá mi àgbà. Ọdẹ ni wọ́n, ṣakabùlà ni wọ́n ń lò láti ìgbà èwe wọn. Mo rò pé wọ́n á kọ́ mi bí a ṣe ń wo nǹkan kí a tó yìnbọn sí i. Wọ́n kò mẹ́nu kan ojú rárá. Wọ́n bi mí pé, "Nígbà tí o fẹ́ ta á, ṣé o ti ṣe tán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní ṣakabùlà, tí o bá yìn ín tán, kí o tó tún kì í, ẹran ti dé oko ẹlòmíràn. Nítorí náà ọdẹ kì í yìn ín nítorí pé ẹran yọ. Tí ara kò bá tíì rọlẹ̀, wọ́n á sọ ìbọn kalẹ̀, kí ẹran máa lọ. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn sọ ìbọn kalẹ̀ pọ̀ ju ìgbà tí àwọn yìn ín lọ.

Mo wá rí i pé ohun kan náà ni àwọn tó ń díje ń ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 75 fún ọta 60, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ààbọ̀ rẹ̀ ló kan ọta kọ̀ọ̀kan. Àyè wà. Wọ́n á mí sínú bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn sókè, wọ́n á mí díẹ̀ síta bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí àmì, wọ́n á dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tí kò bá tíì lọ títí bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, apá á máa gbọ̀n. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ ọwọ́ kalẹ̀, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní "mo ti gbé e sókè ná," á fà á. Èmi nìyẹn nínú ìdíje àkọ́kọ́.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ojú. Orí ìbọn, irin kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀, irin mìíràn tó ní àlàfo sì wà lẹ́yìn. Irin iwájú gbọ́dọ̀ dúró sí àárín àlàfo ẹ̀yìn. Ojú èèyàn kò lè rí irin ẹ̀yìn, irin iwájú àti àmì tó wà lókèèrè kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa á rò pé àmì ló yẹ ká tẹjú mọ́. Rárá o! Irin iwájú ni. Kí àmì yẹn ṣú bàìbàì, kò burú.

N kò gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbé e lọ bá ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa ní físíìsì. Wọ́n ya onígun mẹ́ta méjì sí pátákó, irú èyí tí gbogbo wa máa ń sùn sí. Àlàfo irin méjèèjì lórí ìbọn bẹ́ẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Tí irin iwájú bá yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, ní mítà 10 ọta á yẹ̀ ní bíi mìlímítà 28. Máàkì 7 nìyẹn, bí gbogbo nǹkan yòókù tilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n tí irin méjèèjì bá wà létòlétò, tí gbogbo ọwọ́ wá sún pọ̀ ní mìlímítà 5, mìlímítà 5 náà ni ọta á fi yẹ̀, á sì ṣì wọnú 10. Ọwọ́ gbogbo èèyàn ló ń mì, ti Dikeç náà ń mì. Mímì kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́, yíyẹ̀ irin ni. Ohun tó sì máa ń mú irin yẹ̀ jù ni ìka tó bá já tírígà gbà lójijì nítorí pé ó rò pé àkókò ti tó. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa fún un, títí ìbọn á fi dún bí ẹni pé òun kọ́ ló yìn ín.

Ibí yìí ni igo omi ti wọlé. Púpọ̀ nínú ìgbáradì àwọn eléré wọ̀nyí, ọta kì í sí nínú ìbọn rárá. Wọ́n á kọjú sí ògiri funfun, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á máa wo irin iwájú, wọ́n á fa tírígà lófo, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Igo omi lítà kan wúwo tó kílò kan, ìbọn wọn náà kò jìnnà sí i. Mo fi bírò sàmì kékeré sí ìdérí igo náà, òun ni irin iwájú mi. Mo ń gbé e sókè, mo ń ka mẹ́jọ, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀, mo ń sinmi fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 20 lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò lè gbé síbí lálẹ́ láìfi ọwọ́ òsì ràn án lọ́wọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, bí ó tilẹ̀ tì mí lójú. Láàárín họ́lídè yẹn, mo ń ta kànnàkànnà lẹ́yìn ilé wa. Mo fi agolo sórí ìkòkò omi aláìlò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ. Mi ò gbá agolo, òkúta ba sìmẹ́ǹtì, ó ta padà, ó sì ba àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lókè ojú. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ débi pé a kò mọ̀ bóyá ẹyinjú ló fọ́. Títí a fi dé ilé ìwòsàn lórí ọ̀kadà, ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan. Ó ku díẹ̀ kó kan ojú gan-an, wọ́n rán an. Àpá náà ṣì wà lójú rẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i tó bá ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Ìyá mi dáná sun kànnàkànnà náà. Oṣù méjì ni n kò fi ọwọ́ kan òmíràn.

Bàbá àgbà ló bá mi bẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú àdéhùn. Kò sí òkúta mọ́, amọ̀ tí mo bá rọ ní róbótó tí mo sá gbẹ ni, ó máa ń fọ́ tó bá ba nǹkan. Àpò ìrẹsì òfìfo méjì ni mo máa ń so kọ́ lẹ́yìn agolo, kó gba èyí tó bá tàsé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà níwájú mi, kódà kó jẹ́ adìẹ. Tí ẹnì kan bá yọ, màá tú rọ́bà sílẹ̀, màá gbé e sílẹ̀. Àti ẹyẹ, n kì í ta ẹyẹ mọ́.

Ní ìwé ìdájú mi, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́, iye tí mo gbá, ibi tí èyí tó tàsé gbà. Ìwé yẹn ló tú mi fó. Mo rò pé mò ń tàsé káàkiri, àṣé apá òsì nìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ìgbà tí mo bá fẹ́ tú u sílẹ̀ ni ọwọ́ tó di igi mú máa ń fún un jù. Ọ̀rọ̀ tírígà náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kànnàkànnà kò ní tírígà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi sílẹ̀, pé ọwọ́ ọ̀tún mi kò ní agbára. Mo sọ ìtàn Károly Takács fún un, sójà ará Hungary. Ní ọdún 1938, bọ́ǹbù àfọwọ́jù bú mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń yìnbọn. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní London lọ́dún 1948, ó tún gbà á ní Helsinki lọ́dún 1952. Ọ̀rẹ́ mi ní èmi kì í ṣe sójà. Òótọ́ ni. Ti Manu Bhaker, ọmọbìnrin ará Íńdíà, ló sún mọ́ wa jù: ní ìdíje Tokyo, ìbọn rẹ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín eré, àkókò ń lọ, kò sì wọ ìpele ìkẹyìn. Ní Paris, lẹ́ni ọdún 22, ó gba idẹ méjì.

Nínú ìdíje họ́lídè tó kọjá, agolo 6 ni mo gbá wó nínú 10. Ìgbà mẹ́ta ni mo fa rọ́bà tí mo tún sọ ọ́ kalẹ̀ láì ta á, àwọn èèyàn ń pariwo pé kí n ta á jàre. Ọmọbìnrin kan láti JSS3 gbá 7. Kò mọ Dikeç, kò mọ irin iwájú, kò ní ìwé kankan. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é, ó ní òun kàn ń dúró kí ọwọ́ òun dákẹ́ ni.

Ó ti ń wá sẹ́yìn lábù báyìí, òun àti ọmọ SS1 méjì. Ẹni tó bá fẹ́ darapọ̀ mọ́ wa, kó mú igo tirẹ̀ wá, kó pọn omi kún un. Agogo bíréèkì ni a ń bẹ̀rẹ̀, a kì í dúró de ẹnikẹ́ni.