Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ajá Tí Ń Gbó Mọ́ Ẹyẹ Lórí Igi

Nínú igbó ilẹ̀ Finland ni ajá pupa elétí ṣóńṣó kan wà, a-ká-ìrù-sẹ́yìn, Finnish Spitz, tí wọ́n fi ṣe ajá orílẹ̀-èdè wọn ní 1979. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe pípa ẹran, bí kò ṣe kí ó wá ẹyẹ rí, kí ó lé e gun igi, kí ó sì máa gbó láìdákẹ́, tí ojú ẹyẹ yóò fi wà lára rẹ̀ títí ọdẹ yóò fi yọ́ dé ìtòsí.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò: láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ń mú un wọ igbó. Ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ tó wù mí jù ni pé ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í yìnbọn sí ẹyẹ tí ajá tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbó mọ́.