Pọ́límà agbéná oníhò fún ìtúsílẹ̀ oògùn

Pọ́límà agbéná oníhò jẹ́ irú ike kan tí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá, tí a sì ṣe kí ó ní àìmọye ihò tí ojú lásán kò lè rí, kí ó lè gba oògùn sára, kí ó sì tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá fi iná pàṣẹ fún un. Nanomítà ni a fi ń wọn ihò wọ̀nyí. Mílíọ̀nù 1 nanomítà ló wà nínú mìlímítà 1.

Ike tí a mọ̀ kì í gbé iná. Ìdí nìyí tí a fi ń fi í bo wáyà. Ní ọdún 1977, Alan Heeger, Alan MacDiarmid àti Hideki Shirakawa fi hàn pé polyacetylene tí a fi ayodíìnì tọ́jú ń gbé iná dáadáa. Iṣẹ́ yìí ló fún wọn ní Ẹ̀bùn Nobel nínú Kẹ́místrì ní ọdún 2000. Fún ti oògùn, polypyrrole àti PEDOT ni a ń lò jù.

Nígbà tí a bá fi iná sọ pyrrole di polypyrrole, iná oníròpọ̀ (+) máa ń wà lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fa ohun tó ní iná oníyọkúrò (−) mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ oògùn ni ohun náà, oògùn ni yóò há sínú rẹ̀. Bí a bá wá yí iná padà, pọ́límà náà kò ní ohun tí yóò fi di oògùn mú mọ́. Báyìí ni Zinger àti Miller ṣe tú glutamate sílẹ̀ ní ọdún 1984. Ṣùgbọ́n awọ pọ́límà tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í gba oògùn púpọ̀.

Ihò ló tán ìṣòro yìí dé ìwọ̀n kan. A ó to ìlẹ̀kẹ̀ polystyrene wẹ́wẹ́ sórí ẹ́lẹ́kítíróòdù, a ó jẹ́ kí pọ́límà hù sí àárín wọn, lẹ́yìn náà a ó fi èròjà bíi toluene yọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù dà bíi kànrìnkàn. Ní ọdún 2009, Luo àti Cui fi awọ polypyrrole fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irú kànrìnkàn bẹ́ẹ̀: oògùn kan wà nínú pọ́límà fúnra rẹ̀, òmíràn wà nínú ihò, iná kan náà sì tú méjèèjì sílẹ̀.

Abidian, Kim àti Martin gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2006. Wọ́n fi PEDOT bo fọ́nrán PLGA tó ní dexamethasone, oògùn tó ń dín ara wíwú kù. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹ́lẹ́kítíróòdù tí a ń fi sínú ọpọlọ, nítorí ara máa ń bínú sí i, àpá a sì yí i ká títí yóò fi ṣòro fún un láti gbọ́ ohun tí iṣan ń sọ.

Polypyrrole kì í yọ́ dànù nínú ara bíi PLGA, oògùn tí kò ní iná lára kò sì rọrùn láti há sínú pọ́límà fúnra rẹ̀. Inú ihò ni ó ti lè rọrùn fún un láti wọlé.