August Break Ò Ṣe É Fọkàn Tán

Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn á mọ ojú ọjọ́ tí mò ń sọ. Ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, oòrùn ò ní yọjú, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, òjò wínníwínní á sì máa kán sílẹ̀ débi pé aṣọ tí a sá láàárọ̀ ò ní gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. August break nìyẹn. Inú wa máa ń dùn sí i, torí a gbà pé òjò ńlá ti lọ sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan yìí. Òjò méjì tó ṣe Ìbàdàn lọ́ṣẹ́ jù láyé òde òní, ìparí oṣù Kẹjọ ni àwọn méjèèjì rọ̀.

Àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 1980, ọjọ́ Sunday. Nǹkan bíi mílímítà 270 ló rọ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, odò Ògùnpa sì ya wọ ìgboro. Ìkejì rọ̀ ní ọjọ́ Friday, 26, oṣù Kẹjọ, 2011. Ó lé ní mílímítà 180 láàárín wákàtí díẹ̀. Ó wó afárá, ó gbé ilé lọ. Èèyàn tó kú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní 100. Ọjọ́ Friday yẹn náà ni bọ́ǹbù dún ní ilé àjọ UN ní Àbújá. Mo rò pé ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe ará Ìbàdàn rántí òjò náà.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ìsinmi ni? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fa ìsinmi ọ̀hún. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run wa. Ọ̀kan gbẹ, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì tutù, ó sì lómi nínú, láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kìíní, kò jìnnà sí etíkun. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti kọjá Kánò lọ sápá àríwá. Òjò ńlá máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lápá gúúsù. Tó bá ti lọ jìnnà báyẹn, òkè Ọya ni òjò ńlá máa wà, ìkùukùu lásán ló máa ṣẹ́ kù fún wa.

Omi òkun náà tún ń dá sí i. Lásìkò yìí, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létíkun Ghana àti Côte d'Ivoire. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í lágbára láti gòkè dáadáa, bí kò bá sì gòkè, kò lè di òjò ńlá.

Ohun tó lọ sókè yẹn ló ń padà bọ̀. Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, òjò ti ń ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ wa. Ó lè tètè dé. Àwọn ọdún kan sì wà tí kì í sinmi rárá. Ilẹ̀ tó bá sì bá, ilẹ̀ tó ti ń mu omi látàárọ̀ ọdún ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Òjò mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 1, lítà omi 1 ni. Pùlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 á gba nǹkan bíi 465 irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mílímítà 180 bá rọ̀ lé e lórí, ó di nǹkan bíi lítà 83,700. Ọkọ̀ táńkà tó ń gbé lítà 10,000, mẹ́jọ rẹ̀ ò ní kó o tán. Pùlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lèyí o! Tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, á fa díẹ̀ mu. Tí a bá ti fi sìmẹ́ńtì lẹ gbogbo àgbàlá, gọ́tà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn 1980, ìjọba fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà odò Ògùnpa. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kọnkéré ò lè gbé omi tí ìdọ̀tí bá ti dí i lọ́nà.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwa ayálégbé ní ká kó gọ́tà, bàbá onílé wa ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, òjò ti lọ. Ẹ jẹ́ ó di September.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, September á ti pẹ́ jù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n yá wa ní ṣọ́bìrì. Ọ̀rọ̀ ara mi nìkan kọ́ ni mò ń rò, torí òkè ni ilé wa wà. Ìyá alákàrà tó ń gbé nísàlẹ̀ àdúgbò ni omi wa ń lọ bá.

Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti dalẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń ṣàn lọ.

Lọ́dọọdún ni NiMet máa ń sọ bí wọ́n ṣe rò pé August break máa gùn tó, ẹ máa fetí sí i. Tí ẹ bá sì láwọn àgbà nílé tó ti wà ní Ìbàdàn ní 1980, ẹ bi wọ́n ibi tí omi dé ládùúgbò yín. Kí ẹ tó ra ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ bi wọ́n.