Awọ Ajá àti Ìtọ́jú Rẹ̀: Okùnfà Ṣáájú Oògùn

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ajá bá ní ẹni lẹ́yìn, a pa ọ̀bọ. Òwe yìí ń tọ́ka sí i pé ọwọ́ ẹni tí ó ni ajá ni agbára ajá wà, ara awọ ajá ni a sì ti ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ní ẹni lẹ́yìn tàbí kò ní. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, kúrùnà ni a ń pe gbogbo àìsàn awọ ajá, oògùn kan náà ni a sì ń lò fún gbogbo wọn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àrùn tí à ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, àti pé oògùn tí a lò láìmọ okùnfà lè pa ajá kí àrùn náà tó pa á.

2. Awọ àti irun

Awọ ajá yàtọ̀ sí awọ ènìyàn. Ìpele òkè rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ènìyàn lọ, ásíìdì ojú rẹ̀ kò sì tó ti ènìyàn. Ìdí nìyí tí ọṣẹ tí ó bá ènìyàn lára mu fi lè mú awọ ajá gbẹ, kí ó sì máa yún un. Àwẹ̀jù pẹ̀lú a máa fọ ọ̀rá tí ń dáàbò bo awọ dànù. Ní ti irun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì èròjà amúaradàgbà. Nítorí náà, ajá tí kò rí nǹkan jẹ ju ẹ̀kọ àti ẹ̀bà lọ, láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹyin, kò lè ní irun tí ń dán. Bí irun bá ṣá, tí ó sì ń já, inú abọ́ oúnjẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

3. Àwọn okùnfà

3.1 Kúrùnà: Oríṣi kòkòrò méjì ni ó wà nídìí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí dáadáa lọ. Èkíní ni Sarcoptes. Abo rẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sínú awọ, a sì máa yé ẹyin síbẹ̀. Ó sábà máa ń mú etí, ìgbúnwọ́ àti ikùn, ajá a sì máa họra tọ̀sán-tòru. Ó ń ran ajá mìíràn, ó sì lè mú kí ara máa yún ẹni tí ń gbé ajá náà mọ́ra. Èkejì ni Demodex, tí ń gbé inú ihò irun. Ara ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó o ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ láyé, díẹ̀ rẹ̀ sì wà lára ọ̀pọ̀ ajá tí ara wọn dá ṣáṣá. Ìgbà tí agbára ara bá dínkù ni ó ń pọ̀ jù, tí irun yóò sì máa re. Nípa bẹ́ẹ̀, èkíní ń béèrè pé kí a tọ́jú gbogbo ajá ilé. Èkejì ń béèrè pé kí a wádìí ohun tí ó sọ ajá náà di aláìlágbára.

3.2 Làpálàpá: Èyí kì í ṣe kòkòrò rárá. Ìbátan olú ni ohun tí ń fà á, oògùn apakòkòrò kò sì ràn án. Ó sábà máa ń yọ ní róbótó, irun ojú rẹ̀ a sì já. Ó lè ran àwọn ọmọdé tí ń bá ajá ṣeré.

3.3 Eégbọn àti yọ̀rọ̀: Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń mu. Eégbọn tún lè gbin àrùn bíi Babesia sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, èyí tí ó lè yọrí sí ikú. Ní ti yọ̀rọ̀, ẹyin rẹ̀ kì í dúró lára ajá. Orí ẹní àti inú ilẹ̀ tí ó sán ni ó ń já bọ́ sí. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹni tí ó wẹ ajá tí kò fọ ibùsùn rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

4. Oògùn tí ń pa ajá

Epo dúdú tí a dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kun ajá lára. Ohun tí ó fà á tí àṣà yìí kò fi tán ni pé epo náà lè sé èémí mọ́ díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò, kí ìyúnra sì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá a máa fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Bí ó bá ti lá epo náà, májèlé inú rẹ̀ a wọ inú ara, a sì lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ọtapiapia, tí àwọn mìíràn fi ń pa eégbọn, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dichlorvos inú rẹ̀ a máa gba ara awọ wọlé, a sì kọlu iṣan ìmọ̀lára: itọ́ a máa dà lẹ́nu ajá, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Oògùn tí ó dára pàápàá ń béèrè ìmọ̀. Ní 1981 ni ivermectin dé ọjà fún ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ní 2015, William Campbell àti Satoshi Ōmura gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Ó ń pa kòkòrò kúrùnà, síbẹ̀ ìwọ̀n tí kò ṣe ajá mìíràn ní nǹkan kan lè pa ajá Collie, nítorí àbùdá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jogún ń jẹ́ kí oògùn náà wọ inú ọpọlọ. Nítorí náà, dókítà ẹranko ni ó yẹ kí ó fá awọ náà díẹ̀, kí ó fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, kí ó sì wọn ajá kí ó tó díwọ̀n oògùn. A kò sì gbọdọ̀ dá oògùn dúró nígbà tí ìyúnra bá dẹwọ́, nítorí ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹyin Sarcoptes tó di kòkòrò tí ó dàgbà.

5. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé oúnjẹ, ibùsùn, kòkòrò àti ìbátan olú lè fi àmì tí ó jọra hàn lára awọ, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn kò papọ̀. Ẹ̀tọ́ ni pé kí a yẹ oúnjẹ wò, kí a yẹ ibùsùn wò, kí a fá awọ wò, kí a tó na ọwọ́ sí ìgò oògùn èyíkéyìí.