Kí ló dé tí ògiri Frauenkirche ní Dresden fi ní òkúta dúdú àti funfun?

Bí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé ìlú Dresden ní ìlà-oòrùn Jámánì, kò sí bí ẹ ò ṣe ní rí ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche. Gbàgede Neumarkt ló wà, ìyẹn Ọjà Tuntun lédè wọn, ó sì ga tó mítà 91. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni ògiri rẹ̀. Òkúta ibẹ̀ kò bára mu rárá. Èyí tó pọ̀ jù mọ́lẹ̀, ó ní àwọ̀ iyanrìn. Àmọ́ àwọn kan dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n wà káàkiri láàárín àwọn tó kù. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ lè sọ pé owó ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà jìn díẹ̀. Lọ́dún 1697, Augustus tó ń ṣàkóso Saxony di Kátólíìkì kó lè jọba ilẹ̀ Poland. Àwọn ará ìlú ò bá a lọ, wọ́n dúró sínú ìjọ Luther. Ìjọba ìlú àti àwọn ará ìlú ló wá kọ́ Frauenkirche láàárín 1726 sí 1743. Orúkọ yẹn túmọ̀ sí Ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Wa, ìyẹn Màríà. Ẹ lè ní kí ni ìjọ Luther fẹ́ fi orúkọ Màríà ṣe? Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kí Luther tó dé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà kàn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni.

George Bähr tó ya àwòrán ilé náà, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́. Òrùlé rìbìtì tó dà bí agogo ló ní kí wọ́n fi òkúta kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bẹ̀rù pé yóò wó. Ó kú lọ́dún 1738, kò rí òpin iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Prussia ń yin àgbá lu ìlú náà lọ́dún 1760, òrùlé yẹn ò wó.

Ogun Àgbáyé Kejì ló ṣẹ́gun rẹ̀. Lálẹ́ 13 oṣù Kejì 1945, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì da bọ́ǹbù bo Dresden, ti Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí ìlú náà yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní àwọn tó kú tó nǹkan bí 25,000. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò wó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àfi láàárọ̀ 15 oṣù náà, tí iná ti jẹ agbára àwọn òpó òkúta inú rẹ̀ tán, ni gbogbo ẹ̀ dà wálẹ̀ gbì.

Ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì fi òkìtì òkúta náà sílẹ̀ ní àárín ìlú, koríko hù lórí ẹ̀. Lọ́dún 1982, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá tan àbẹ́là níbẹ̀, wọ́n ń béèrè àlàáfíà, lábẹ́ ìjọba tí kò fẹ́ràn irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí ògiri Berlin ṣubú tán, àwọn ará ìlú kan kéde ní oṣù Kejì 1990 pé kí gbogbo ayé dá owó káwọn tún un kọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà. Àwọn kan, títí kan àwọn kan nínú ìjọ fúnra rẹ̀, ní kí wọ́n fi òkìtì náà sílẹ̀ kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa rí ohun tí ogun ń ṣe. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá a lè jù nù. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ ló borí, wọ́n sì wá ọ̀nà tí ilé tuntun ò fi ní bo ìtàn náà mọ́lẹ̀.

Láti 1993, wọ́n ń tú òkìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo òkúta tó ṣì dára ni wọ́n wọ̀n, wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti já bọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta àtijọ́ ló padà sínú ògiri. Àwọn ni àwọn dúdú yẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé èéfín iná 1945 ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, àmọ́ òkúta agbègbè yẹn ní irin nínú. Bó bá ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, á dúdú fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tuntun náà ń bọ̀ wá dúdú.

Iṣẹ́ náà jẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 180 Yúrò, owó tí àwọn èèyàn dá ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Günter Blobel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1999, fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀bùn rẹ̀ ta ìlú náà lọ́rẹ. Ọmọdé tó ń sá fún ogun ni nígbà tó kọ́kọ́ rí Dresden, ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jó o.

Àgbélébùú wúrà orí òrùlé ni kẹ́ ẹ wá wò dáadáa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni owó rẹ̀ ti wá. Alan Smith, alágbẹ̀dẹ tó wà lára àwọn tó ṣe é, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó wa bàálù tó ju bọ́ǹbù sí ìlú yẹn. Wọ́n gbé e sókè ní oṣù Kẹfà 2004, wọ́n sì ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́ ní 30 oṣù Kẹwàá 2005. Àgbélébùú àtijọ́ tí wọ́n hú jáde nínú òkìtì lọ́dún 1993, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà báyìí, ó wọ́, ó sì dúdú, wọn ò tún un ṣe.

Ẹ ò ní sanwó láti wọlé, àfi tí ẹ bá fẹ́ gun òkè lọ wo gbogbo ìlú láti mítà 67. Ẹ kọ́kọ́ wádìí aago kẹ́ ẹ tó lọ o, torí tí ìsìn tàbí eré orin bá ń lọ lọ́wọ́, wọn kì í jẹ́ kí àlejò máa rìn káàkiri. Ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ní 13 oṣù Kejì, kó dúró dalẹ́: ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì, agogo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Dresden ń dún lẹ́ẹ̀kan náà.