Tíṣà wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ fa kokéènì, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ká a mọ́bẹ̀!

Ká ní ọmọ mìíràn ni, kí aago ilé-ẹ̀kọ́ tó lù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ọgbà ni ì bá ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Drey kò sọ fún ẹnì kankan. Eré básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ wọn gbá ti parí, kálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ, ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá yìí bá wọ ilé ìyàgbẹ́. Ta ló bá níbẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Dan Dunne, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìtàn, tó tún jẹ́ kóòṣì wọn, pẹ̀lú páìpù kokéènì lọ́wọ́, tí òógùn ti bò ó. Ọmọ náà kò figbe ta, kò sì sá. Ṣe ló dúró ti ọkùnrin náà títí ara rẹ̀ fi wálẹ̀, ni tíṣà bá fi mọ́tò gbé e lọ sílé.

Ibi tí fíìmù Half Nelson ti gbóná nìyẹn. Brooklyn, nílùú New York, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọdún 2006 ló sì jáde ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe fíìmù olówó gọbọi o. Nǹkan bíi 700,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, owó tí kò tó ohun tí ẹyọ òṣèré kan ṣoṣo ń gbà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá Hollywood. Ryan Fleck ló darí rẹ̀, òun àti Anna Boden ni wọ́n jọ kọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ọgbọ́n ìjàkadì kan ni: ẹni tó wà lẹ́yìn á ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ abíyá ẹnìkejì, á fi tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń retí pé tíṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ọmọ náà lójú mìíràn, kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀ jàre. Àṣírí ló so wọ́n pọ̀.

Ilé tí Drey ti wá kò rọgbọ. Inú ọkọ̀ ambulance ni ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tọ̀sán tòru. Bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Mike, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wà lẹ́wọ̀n, oògùn olóró tó ń bá Frank tà ló sì gbé e débẹ̀. Mike pa ẹnu mọ́, Frank ń jayé lọ níta. Frank ọ̀hún kò kúkú ṣe bí ìkà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi mọ́tò gbé ọmọ náà kiri, ó ń fún ìdílé wọn lówó. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ bani nìyẹn gan-an, torí ọmọ tí kò rí ẹni tì í lẹ́yìn, kò ní pẹ́ kó tó máa bá a gbé ọjà kiri.

Dunne rí i pé bó ṣe ń lọ nìyẹn, ló bá kọrí sílé Frank, ó ní kó fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀. Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ ọ́? Oníbàárà ọjà oògùn ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń tà á! Ọ̀rọ̀ náà wọ́ ọ lẹ́nu débi pé ọtí ni wọ́n padà jọ mu.

Bẹ́ẹ̀, tíṣà gidi ni ní kíláàsì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kó tẹ̀ lé ìwé, kò gbà. Ohun tó ń kọ́ wọn ni pé ohun méjì tó ń ta ko ara wọn ló ń bí àyípadà. Àwọn ọmọ á dúró síwájú kámẹ́rà, wọ́n á sọ ti ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga Amẹ́ríkà lórí ilé-ẹ̀kọ́ ní 1954, ti rògbòdìyàn ẹ̀wọ̀n Attica ní 1971 àti ti ìjọba tí wọ́n gbà ní Chile ní 1973.

Ryan Gosling, tó ṣe Dunne, ti bá tíṣà kan rìn ní New York kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar ní 2007, àmọ́ Forest Whitaker tó ṣe Idi Amin ló gbé e lọ. Ní Independent Spirit, òun àti Shareeka Epps tó ṣe Drey ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn òṣèré tó ta yọ. Ó sì tọ́ sí Epps, torí ojú ọmọ yẹn nìkan tó ìwé kà! Òun náà ló kópa nínú fíìmù kúkurú Gowanus, Brooklyn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2004. Anthony Mackie, tó ṣe Frank, ti di Captain America lónìí. Fleck àti Boden darí Captain Marvel ní 2019, èyí tó pa lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Epps nìkan ni òkìkí rẹ̀ kò kàn bíi tiwọn.

Ó ku ọjọ́ kan tí Drey gbé ọjà Frank dé hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, tíṣà rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, ọjà bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, Dunne kò yọjú sílé-ẹ̀kọ́ mọ́, tíṣà mìíràn ló dúró níwájú kíláàsì. Drey kò bá Frank lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ Dunne ló gbà lọ. Ọkùnrin náà fá irùngbọ̀n rẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga gbọọrọ, tíṣà fẹ́ dá àpárá kan, àpárá náà kò dùn, ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ó fi kokéènì sílẹ̀ lẹ́yìn náà, fíìmù kò sọ.